Àfòmọ́

Tísà Oyèéníran gbé láàpútọ́ọ̀pù wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó,
ó wé e sínú tówẹ́ẹ̀lì bí ọmọ tí ibà mú.
Ọyẹ́ ti dé, ètè mi ti là,
Ògbómọ̀ṣọ́ funfun bí ẹni tí wọ́n da eérú lé lórí.
"Àrìnpé," ó ní, "mo ní kó gbé mi dé ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì,
ó gbé mi lọ sí ilé tẹ́tẹ́.
Mo wá orin kejìlélógún inú ìwé orin,
ó ní kí n wá ra oògùn tí ń mú arúgbó le.
Èmi, díákónì!"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ètè tó là ò jẹ́.
Mo ṣí fèrèsé tó fi ń wo ayélujára:
ojúlé àkọ́kọ́ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́,
àpótí ìwádìí ti yí orúkọ padà,
irinṣẹ́ mẹ́ta tò sókè bí ẹyẹ lórí wáyà iná,
kò mọ ọ̀kankan nínú wọn.
"Kí lẹ gbà wọlé, Tísà?"
"Kàlẹ́ńdà ni. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni.
Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ni, mo tẹ Bẹ́ẹ̀ni, mo tẹ Bẹ́ẹ̀ni."
Ẹni tó fi ogójì ọdún na ọmọ ọlọ́mọ
pé wọn ò ka ìbéèrè tán kí wọ́n tó dáhùn.

Mo yọ ọ̀kan, mo yọ èkejì, mo yọ ẹ̀kẹta.
Mo pa ẹ̀rọ, mo tún tàn án:
tẹ́tẹ́ ló kí wa káàárọ̀.
Mo tún yọ ọ́. Ó tún padà.
NẸ́PÀ mú iná lọ, mo fa jẹnẹrétọ̀,
ó ti jókòó dè mí.

Tísà bọ́ fìlà, ó wo ojú ẹ̀rọ pẹ́.
"Kajú mi kan wà lóko, lọ́nà Ìkòyí,
àfòmọ́ bo orí rẹ̀.
Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń já ewé rẹ̀ dànù.
Lébìrà kan ló sọ fún mi
pé ewé kọ́ ni kí n máa bá jà,
kí n wá ibi tó ti ki ẹnu bọ igi lára,
kí n gé ẹ̀ka náà pọ̀ mọ́ ọn.
Àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò, Àrìnpé,
ṣùgbọ́n ó ní ẹnu."

Mo wá ẹnu rẹ̀.
Mo wọ àárín àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń jí ṣe kí olówó rẹ̀ tó jí.
Ó wà níbẹ̀, ó pe ara rẹ̀ ní Olùrànlọ́wọ́.
Bí ẹ̀rọ bá ti lajú báyìí,
òun ni í kọ́kọ́ dìde, tí í tún àwọn yòókù gbìn.
Mo gé e. Mo gé ibi tó dì mọ́.

Ìwé kan wà lábẹ́ rẹ̀.
Gbogbo ohun tí Tísà tẹ̀ láti oṣù Ọ̀wàrà,
lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wákàtí kọ̀ọ̀kan,
ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí akọ̀wé kóòtù.
Aago méjì òru: kí ní ń mú ẹsẹ̀ wú.
Aago mẹ́ta: Fẹ̀hìntólá Oyèéníran.
Aago mẹ́ta kọjá: Fẹ̀hìntólá Oyèéníran.
Lọ́jọ́ kejì: Fẹ̀hìntólá Oyèéníran, àwòrán.
Ìyàwó rẹ̀ ni. Èmi náà bá wọn bu yẹ̀pẹ̀ sí i.
Obìnrin tí kò ní fóònù rí,
kí ni ayélujára fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀?

Mo kà á dé ìsàlẹ̀
kí n tó rántí pé èmi náà ti di amí.

Mo pa ìwé náà rẹ́.
Mo ní kó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun fúnra rẹ̀,
mo kọjú sí ògiri.
"Ṣé ó rí nǹkan mi?"
"Ó rí i, Tísà. Èyí tó ti kó lọ ò ṣe é gbà padà.
Ẹ lọ pààrọ̀ ti báńkì lọ́la."
N kò sọ ìyókù.
Mo kọ owó; ó fi ọ̀rá kajú kan sílẹ̀ lórí kántà.

Ó tàn án wò kó tó lọ.
Ojúlé rẹ̀ mọ́, ó dákẹ́,
ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀.
Ó gbé ìka sókè, ó wò mí,
ó ní, "Ṣé kò sí ẹni tó ń wò mọ́?"
Mo mú ìgbálẹ̀,
mo jáde lọ gbá eruku ọyẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.